Wọ́n Ní Kí N Dárí Jì Í, Ẹnikẹ́ni Ò Béèrè Owó Kòkó

Opó ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù lọ nínú ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí, pàápàá opó tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ náà sì jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àlùfáà tàbí alàgbà bá wà nínú àwọn tó ń kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, Iléṣà náà ni mo ti relé ọkọ. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, ó kù díẹ̀ kí n fi Ọlọ́run sílẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí ikú náà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn Ọlọ́run bá mi sọ lẹ́yìn rẹ̀ ló fẹ́ lé mi jáde.

Kòkó ni ọkọ mi fi ṣe gbogbo ohun tó ṣe láyé. Oko rẹ̀ wà lọ́nà Ìfẹ̀wàrà. Ọwọ́ ẹbí kan níbẹ̀ ló ti ra ilẹ̀ náà nígbà tí àkọ́bí wa ṣì ń rá, tòun ti ìwé àti ẹlẹ́rìí. Owó oko yẹn ló fi kọ́ ilé tí à ń gbé, tó sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì síwájú rẹ̀. Oko náà ló wà lọ́jọ́ tí rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn Wesley níbí, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe, ó sì dákẹ́ síbẹ̀.

Nínú ọ̀fọ̀ yẹn, ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló dúró tì mí. Ìyá Tólú ni mo máa pè é níbí. Èmi ni ìyálé rẹ̀ nínú ilé. Òun ló ń gbé omi gbígbóná wọ balùwẹ̀ fún mi láràárọ̀, òun náà ló ń fi ẹ̀kọ mímu sí mi lẹ́nu nígbà tí oúnjẹ kò lọ. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀.

Ọkọ rẹ̀, ìyẹn àbúrò ọkọ mi, jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wa. Níbi ìpàdé mọ̀lẹ́bí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìsìnkú, ó dìde, ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ oko da ara mi láàmú, pé òun á máa bójú tó o títí àwọn ọmọ á fi gbọ́njú. Ó ní kí n kó àwọn ìwé oko fún òun kí wọ́n má baà sọ nù nínú èrò tó ń wọlé tó ń jáde. Gbogbo ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Oṣù kẹwàá dé, kòkó pọ́n. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń fọ́ kòkó, nítorí òórùn kíkan tó máa ń wà lára kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò wà lára aṣọ àwọn lébìrà tó ń ti oko bọ̀ wá kí mi. Kò sẹ́ni tó mú kọ́bọ̀ wá. Mo ní bóyá ọjà ò tíì dára. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin tó ń ránṣọ nínú ọ̀kan lára àwọn ṣọ́ọ̀bù náà bi mí bóyá mo mọ̀ pé Bọ̀dá ti ní kí àwọn máa san owó ṣọ́ọ̀bù fún òun. Kò pẹ́ sí i ni àwọn ará oko wá sọ fún mi pé àjèjì kan ń kọ ebè sí apá odò, pé ó ní òun ra ibẹ̀ ni.

Mo lọ bá àbúrò ọkọ mi. Ó ní inú owó bàbá àwọn ni ẹ̀gbọ́n òun ti mú owó tó fi ra ilẹ̀, nítorí náà ogún mọ̀lẹ́bí ni. Bẹ́ẹ̀ bàbá yẹn ti kú tipẹ́ kí ọkọ mi tó ra ilẹ̀ ọ̀hún. “Ìyàwó wa,” ó ní, “o ṣì lè fẹ́ ọkọ mìíràn lọ́la. Ṣé kí ọkọ yẹn wá máa jẹ oko ẹ̀gbọ́n mi ni?” Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ló ti sọ ọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò wá.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìjọ, nítorí Mátíù 18 ní bí arákùnrin rẹ kò bá gbọ́ tìrẹ, kí o sọ fún ìjọ. Wọ́n pe àwa méjèèjì. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ka Jòhánù Kìíní 4:8, pé ìfẹ́ ni Ọlọ́run. Ọ̀kan lára wọn rán mi létí pé Jésù ní kí á dárí jini títí dé ìgbà àádọ́rin méje. Wọ́n ní ẹni tó ti lọ ti lọ, kí á má jẹ́ kí ayé gbọ́ ohùn wa. Kò sẹ́ni tó bi í pé owó kòkó ọdún yẹn dà. Kò sẹ́ni tó ní kó mú ìwé oko wá ká wò ó. Wọ́n ní kí n dìde kí n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo dìde, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n kọrin. Oko wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wọlé, oko wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó jáde.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, òun ló ka ẹ̀kọ́ Bíbélì. Àyà mi ń lù kìkì. Nígbà tí wọ́n pe wá síbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, mi ò lè dìde. Ìbéèrè kan ló gba ọkàn mi kan: bí Ọlọ́run bá fẹ́ràn èmi àti ẹ̀ bákan náà, tí kò sì bi í léèrè nǹkan kan, kí ni ìfẹ́ yẹn ń ṣe fún mi? Mi ò lè sọ ọ́ síta. Wọ́n á ní ọ̀fọ̀ ti gba orí mi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀ bá àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ bá ní kí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ sáré dárí jì kó tó rojọ́ tán, ohun tó ń gbọ́ ni pé ìyà tó jẹ ẹ́ kò tó nǹkan lójú Ọlọ́run. Ẹ̀ ń ròyìn Ọlọ́run fún un, ìròyìn náà kò sì pé. Ìwé kan náà tó ní ìfẹ́ ni Ọlọ́run ló sọ nínú Ẹ́kísódù 22 pé ẹ kò gbọdọ̀ jẹ opó tàbí ọmọ aláìníbaba níyà, pé bí wọ́n bá ké pe Ọlọ́run, yóò gbọ́ igbe wọn, ìbínú rẹ̀ yóò sì gbóná. Ẹ máa ka méjèèjì níbi ìpàdé kan náà, lójú ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Àtàkúnmọ́sà ló ní mo ti rọ̀ jù. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan lórí òkè. Wòlíì náà fi sùúrù gbọ́ ẹjọ́ mi tán, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó gbà pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Ó ní kí n máa ka Sáàmù 109 lóru lórí ìkúnlẹ̀, kí n gbé abọ́ omi ka iwájú, kí n máa dárúkọ ọkùnrin náà àti orúkọ ìyá rẹ̀ bí mo bá ti dé ibi ègún. Ìyá rẹ̀ yẹn ló bí ọkọ mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ ní òru ọjọ́ kan tí iná ò sí, fóònù ni mo tàn sójú Bíbélì. Mo dé ẹsẹ 8, kí ọjọ́ rẹ̀ kúrú, kí ẹlòmíràn gba ipò rẹ̀. Mo ka ìyẹn ketekete. Ẹsẹ 9 ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ di aláìníbaba, kí aya rẹ̀ di opó. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Opó ni mí. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ gbé lé obìnrin mìíràn lórí. Mo mọ bí ibùsùn ṣe ń tutù, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣèpàdé lé èèyàn lórí nínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbálẹ̀. Obìnrin ọ̀hún sì ni Ìyá Tólú tó ń pọnmi gbígbóná fún mi. Ọmọ rẹ̀ tó kéré jù, Màmá Ńlá ló ń pè mí. Ó ṣì ń sá wá jẹ àkàrà nílé mi láàárọ̀ Sátidé, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìjà wà. Mo pa Bíbélì dé. Mo da omi náà sídìí ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé.

Ìdààmú tó tẹ̀lé ìyẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n gbàgbé, orí òkè ní kí n pa. Nínú méjèèjì, kò sí ibi tí oko ti padà sọ́wọ́ ọmọ òrukàn.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ àlùfáà ń gbé nítòsí wa. Kì í ṣe ìjọ wa. Mo lọ kí i lọ́jọ́ kan, omijé gbọ̀n mí, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dé ọ̀rọ̀ abọ́ omi. Kò bá mi wí. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o ka Sáàmù yẹn tán?” Mi ò kà á tán. Ó ní kí n kà á fún òun.

Mo ń kà, ó ń dá mi dúró. Ní ẹsẹ 16, ó ní kí n tún un kà: ọkùnrin tí wọ́n ń ṣẹ́ èpè fún yìí kò rántí láti ṣàánú, tálákà àti aláìní ló ń lépa. Ẹsẹ 6 ní kí Sátánì dúró lọ́wọ́ ọ̀tún ẹni búburú yẹn. Ẹsẹ tó kẹ́yìn, ẹsẹ 31, ní Olúwa yóò dúró lọ́wọ́ ọ̀tún tálákà, láti gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń dá ọkàn rẹ̀ lẹ́bi. Bàbá ní, “Ṣé o rí i? Ẹjọ́ ni ọkùnrin yìí ń rò. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló dà síwájú Adájọ́, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa. Kò mú idà. Ó gbé ẹjọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.” Ó wá ka Róòmù 12:19 fún mi láìṣí ìwé: tèmi ni ẹ̀san, èmi ó gbẹ̀san, ni Olúwa wí.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ balẹ̀. Mo ti rò pé ẹni tó bá fi ẹ̀san sílẹ̀ fún Ọlọ́run ti gbà pé kò sí ẹ̀san kankan. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀san wà, pé ó ní ẹni tó ni ín, pé ọwọ́ ẹni tí kò ní í ṣì í dá ló wà. Èmi ì bá pa ìyàwó àti ọmọ pọ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọlọ́run mọ ẹni tó jí kòkó, ó sì mọ ọmọ tó wá jẹ àkàrà.

Àwa ará Iléṣà ló yẹ ká mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Òkè-Oòyè tiwa níbí ni ìsọjí 1930 ti bẹ́ nígbà ayé Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí àwọn bàbá wa kó oògùn àti òòṣà jáde tí wọ́n dáná sun ún. Lára ohun tí wọ́n sun ni èyí tí wọ́n fi ń mú ọ̀tá. Ó dùn mí pé ọmọ ọmọ wọn ti wá ń fi Sáàmù ṣe ohun tí wọ́n fi oògùn yẹn ṣe, tòun ti orúkọ ìyá àti abọ́ omi.

Nígbà tí mo ń lọ, Bàbá ní kí n lọ ka Diutarónómì 10:18. Ó ní Ọlọ́run ń ṣe ìdájọ́ aláìníbaba àti opó, ó sì fẹ́ràn àlejò, ó ń fún un lóúnjẹ àti aṣọ. Nínú ẹsẹ kan ṣoṣo, ó ń dájọ́, ó ń fẹ́ràn, ó ń fi oúnjẹ síni lẹ́nu. Ìdájọ́ tí mo ti ń bẹ̀rù láti kékeré ni mo rí níbẹ̀ bí ohun tí opó ń retí. Mo rántí pé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wà lára àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di Yorùbá fún wa. Ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí wọ́n sì tà, mọ ohun tó ń kọ nígbà tó bá kọ pé Ọlọ́run ń gbẹjọ́ aláìníbaba rò.

Síbẹ̀ àgbélébùú ṣì rú mi lójú. Bí Ọlọ́run bá kórìíra ìwà burúkú tó bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe ń dárí ji ẹni tó hù ú? Ìtàn ilé wa ló là mí lójú. Òṣómàálò ni bàbá tó bí bàbá mi. Ó ń gbé aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Èkìtì. Bí àsìkò àtisan bá tó tí ẹnìkan ò san, ẹnu ọ̀nà onítọ̀hún ló máa lóṣòó sí, kò sì ní í kúrò. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tó ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, tó kú lórí ìkúnlẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ kò sì ní nǹkan kan. Bàbá àgbà dìde lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ó ní kí wọ́n má san án mọ́. Oníṣòwò ńlá tó kó aṣọ fún un kò mọ obìnrin náà rí. Owó tirẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Owó tí bàbá àgbà fẹ́ fi ra páànù ilé rẹ̀ ló kó sílẹ̀. Ewé ló wà lórí ilé yẹn títí ọdún tó tẹ̀lé e.

Gbèsè kì í para rẹ̀ rẹ́. Bí ẹni tó jẹ ẹ́ kò bá san án, ẹni tó fi jì í ló san án. Róòmù 3:26 wá yé mi, pé Ọlọ́run jẹ́ olódodo, ó sì tún jẹ́ olùdáláre ẹni tó gba Jésù gbọ́. Kò pe ẹ̀ṣẹ̀ ní nǹkan kékeré. Kò ní ká bọ ara wa lọ́wọ́ ká kọrin. Òun fúnra rẹ̀ ló sanwó nínú ara Ọmọ rẹ̀, ní gbangba, lẹ́yìn ìlú Jerúsálẹ́mù, níbi tí àwọn tó ń kọjá ti ń wò ó. Mo sunkún lọ́jọ́ tí mo rí èyí, ẹkún ọpẹ́ ni. Mo sì wá mọ ohun tó ń bí mi nínú nípa ìpàdé àwọn alàgbà. Àwọn ló dárí jì, àwọn ọmọ mi ni wọ́n ní kó san án. Wọn ò bi àwọn ọmọ náà.

Bàbá àlùfáà náà ló ní kí n wá lọ́yà. Nígbà tí ìròyìn kàn pé mo ti gba lọ́yà, ẹnu kún mi. Wọ́n ní Pọ́ọ̀lù ní kí onígbàgbọ́ má gbé onígbàgbọ́ lọ sí kóòtù. Òótọ́ ni, Kọ́ríńtì Kìíní orí 6 sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ ka ẹsẹ 5: ó ń béèrè bóyá kò sí ọlọ́gbọ́n kan láàárín wọn tó lè dá ẹjọ́ arákùnrin rẹ̀ ni. Ẹ ka ẹsẹ 8 níbi tó ti bá àwọn tó ń rẹ́ arákùnrin wọn jẹ wí. Ìjọ tí kò fẹ́ dá ẹjọ́ kò lè ní kí opó má wá adájọ́. Opó inú Lúùkù 18 lọ, ó tún lọ, títí adájọ́ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run fi dá a láre, òun sì ni Jésù fi kọ́ wa pé ká máa gbàdúrà láìṣàárẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ràn wá lọ́wọ́, nítorí ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọkọ mi ti ṣe ẹ̀dà ìwé ilẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀ sísàlẹ̀ àpótí aṣọ òkè rẹ̀, èmi pàápàá kò mọ̀. Rìsíìtì àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí ṣì wà láàyè ní Ìfẹ̀wàrà. Ìkẹrin ni ìwé ìgbéyàwó. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ, àwọn ọmọ ló ń jogún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin, tí ìwé ẹ̀rí ìjọba wà níbẹ̀, aya náà ní ìpín tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló rò pé ìwé tí ṣọ́ọ̀ṣì fún wọn ni ìwé ìjọba. Ẹ lọ yọ tiyín wò lónìí. Ọ̀tọ̀ ni ìbùkún, ọ̀tọ̀ ni ìwé òfin. Lọ́yà tún sọ fún mi pé ní 2014, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá opó kan láre nínú ẹjọ́ tó wá láti Awka, ó sì bẹnu àtẹ́ lu àṣà tó fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò bí ọkùnrin. A tún gba ìwé láti ilé ẹjọ́ gíga tó fún èmi àti àkọ́bí wa láṣẹ lórí ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Ìyẹn gba owó, ó gba àkókò, ṣùgbọ́n láìsí i, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlu àbúrò ọkọ mi náà. Kò pa á, apá ọ̀tún rẹ̀ ló mú. Kíá ni àwọn obìnrin ti dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jà. “Ẹ̀san ti ké! Ọlọ́run opó ti jà!” Wọ́n rò pé inú mi á dùn. Mo bi wọ́n léèrè ohun kan: rọpárọsẹ̀ ló pa ọkọ mi, kí ni ọkọ mi ṣe? Wọn ò fèsì. Nínú Lúùkù 13, Jésù sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó lù, ó ní wọn kò jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn yòókù ní Jerúsálẹ́mù lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé ọkọ mi. Mo kó gbogbo ọmọ mi lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́sẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá ń fi àìsàn ọ̀tá yín ṣe ẹ̀rí pé Ọlọ́run ń jà fún yín, kí lẹ máa pe àìsàn tiyín?

Mo se ọbẹ̀, mo gbé e lọ kí i. Mi ò fa ẹjọ́ náà padà. Ó ya àwọn kan lẹ́nu pé èèyàn lè ṣe méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà. Èmi kò rí ìjà láàárín wọn mọ́. Mo fẹ́ kó yè, mo sì fẹ́ kó dá oko padà.

Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, pẹ̀lú ọ̀pá, nǹkan kan fún mi láyà. Ìwé Jónà ni mo sá lọ bá. Inú bí Jónà nítorí Ọlọ́run kò pa Nínéfè run, Ọlọ́run sì bi í bóyá kò yẹ kí òun dá ìlú ńlá náà sí, níbi tí èèyàn tó lé ní 120,000 wà tí wọn kò mọ ọwọ́ ọ̀tún wọn yàtọ̀ sí òsì, àti ẹran ọ̀sìn púpọ̀. Kò sọ fún Jónà pé Nínéfè kò jẹ̀bi. Ó fi àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ hàn án. Mo ronú kan àwọn ọmọ ilé yẹn, mo sì lè mí.

Kí adájọ́ tó dá ẹjọ́, àbúrò ọkọ mi rán lọ́yà rẹ̀ wá pé kí á yanjú rẹ̀ nítùbí-ìnùbí. Ó kó ìwé oko sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù padà sọ́wọ́ wa. Apá odò tó ti tà, ó gbà láti máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níwájú mọ̀lẹ́bí, ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun jẹ èmi àti àwọn ọmọ níyà. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ò sì gùn, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Inú mi balẹ̀ ju ọjọ́ tí wọ́n dá oko padà lọ. Sákéù dìde níwájú Jésù, ó ní òun á dá ohun tí òun fi èké gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin, ìgbà yẹn ni Jésù ní ìgbàlà wọ ilé náà. Ìlọ́po kan la gbà ní tiwa, ó sì tó láti fi mọ̀ pé ó ti yíjú padà.

Ó san díẹ̀ nínú owó apá odò náà, oògùn wá ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i pé Ìyá Tólú ló ń ta aṣọ rẹ̀ láti fi san ìyókù. Mo pe àwọn ọmọ mi jókòó. Mi ò pàṣẹ fún wọn. Mo ka iye tó kù fún wọn, mo sọ ohun tí owó yẹn lè ṣe, mo ní kí wọ́n lọ rò ó. Èkejì wọn ní kí á fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń retí rẹ̀, nítorí ó ti rí ìwọlé sí yunifásítì ní Ifẹ̀. Ó jókòó sílé lọ́dún yẹn. Nítorí náà nígbà tí mo bá ní a dárí jì í, mo mọ iye rẹ̀, mo sì mọ ẹni tó san án.

Àwọn alàgbà kò tíì bá mi sọ nǹkan kan títí di òní. Mo ti ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa padà. Èmi àti àbúrò ọkọ mi ń kí ara wa. Àwọn ìwé oko wà ní báńkì, orúkọ àwọn ọmọ ló wà lórí wọn, mi ò sì ní í kó wọn fún ẹnikẹ́ni tọ́jú mọ́, bó ti wù kó fẹ́ràn mi tó.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Tólú wá bá mi nílé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, “Ìyálé mi, lọ́yà yín yẹn, ṣé ó máa gbà láti bá mi wo ìwé ìgbéyàwó tèmi? Ti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló wà lọ́wọ́ mi.” Mo mú un lọ. Lọ́yà ní wọ́n ṣì lè ṣe ti ìjọba. Ọkọ rẹ̀ kò jiyàn. Wọ́n lẹ orúkọ wọn mọ́ ògiri fún ọjọ́ 21 bí òfin ṣe wí, lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ọjọ́ fún wọn. Ọwọ́ òsì ló fi kọ orúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀tún ò tíì lágbára. Wọ́n béèrè ẹlẹ́rìí fún ìyàwó, mo gba bírò, mo fọwọ́ sí i.